Orúkọ Mẹ́ta tí Kò Jáde Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọdún kejì tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn ìjọ Àgùdà kan ní Adó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn olóore kan láti òkè òkun ló fi kọ̀ǹpútà méjì ta ilé-ìwòsàn náà lọ́rẹ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Mátírọ̀nì gbé lé mi lọ́wọ́ ni ti àwọn tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn. Iná ọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, a kò sì lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ pẹ́. Ènìyàn la fi ń ṣe ilé ìpamọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá di dandan, a ó ránṣẹ́ sí ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti aláìsàn mu, yóò sì wá. Orúkọ wọn, àdúgbò wọn àti irú ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú ìwé ńlá kan tí bàbá akọ̀wé wa ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ará Ìjàn ni bàbá yìí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ti pe iṣẹ́ ní “uṣẹ́”, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ibòmíràn wá a máa rẹ́rìn-ín, òun náà a sì bá wọn rín in. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á kó tó kó gbogbo orúkọ inú ìwé náà wọlé tán.

Èmi wá kọ mákírò sí i, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé fúnra rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yan irú ẹ̀jẹ̀ tó ń wá, mákírò yóò gbéra láti ìlà àkọ́kọ́, yóò máa sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa kó orúkọ àwọn tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ náà sínú àpótí funfun kan lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní láti sọ ibi tí yóò dúró sí fún un. Mo kọ ọ́ pé bó bá ti kan ìlà tó ṣófo, kó dúró, nítorí mo rò pé ibi tí orúkọ bá tán sí ni òfìfo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fi han Mátírọ̀nì, àwọn orúkọ tò wálẹ̀ nínú àpótí náà, àwọn nọ́ọ̀sì sì pàtẹ́wọ́. Mátírọ̀nì ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá náà lọ sí yàrá ẹrù.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí wọ́n gbé obìnrin aboyún kan dé láti Ìgèdè. Oyún rẹ̀ ti tó bí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, kò sì sí irú mìíràn tí wọ́n lè fà sí i lára. Nọ́ọ̀sì sáré wọ ọ́fíìsì wa, ó yan irú ẹ̀jẹ̀ náà, àpótí ṣófo. Ó tún un yàn. Kò sí orúkọ kankan. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ní bí kọ̀ǹpútà bá ti ní kò sí, kò sí náà nìyẹn.

Wọ́n ní kí ọkọ obìnrin náà lọ wá ẹ̀jẹ̀ kiri láwọn ilé-ìwòsàn tó kù nígboro. Ó lọ, ó bọ̀, ọwọ́ òfo. Ó lé ní wákàtí méjì kí nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ọ̀sán tó béèrè pé ṣé wọn kò ránṣẹ́ sí télọ̀ tó wà ní àdúgbò Fájuyì ni, torí ó rántí pé irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ní. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé télọ̀ náà wá, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ la fi gba obìnrin náà là. Ọmọ inú rẹ̀ kò yè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mátírọ̀nì pe èmi àti Bàbá. Ó fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ télọ̀ kò fi sí nínú kọ̀ǹpútà. Bàbá ní òun rò pé òun tẹ̀ ẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, torí ẹ̀rọ náà kò tíì yé e débi tó lè fi dá ara rẹ̀ lójú. Mátírọ̀nì wá kọjú sí mi.

“Bóyá Bàbá fò ó ni, Mà,” ni mo wí.

N kò tíì wo inú kọ̀ǹpútà tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá wò mí. Wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé títí àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo tó ṣí ojú-ìwé tí Bàbá tẹ orúkọ sí. Télọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn méjì mìíràn tó ní irú ẹ̀jẹ̀ kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tíṣà, ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Òkè wọn ni mo ti rí ìlà kan tó ṣófo. Orúkọ ọkùnrin kan tó kú ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Bàbá sì ti pa á rẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. N kò kọ́ ọ pé kó yọ ìlà náà kúrò. Mákírò mi débẹ̀, ó dúró, gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì di ẹni tí kò sí.

Mo tún un kọ pé kó kọ́kọ́ wá orúkọ tó gbẹ̀yìn pátápátá, kó sì máa fo ìlà tó bá ṣófo. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Orúkọ mẹ́ta jáde. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sílé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn èèyàn tò lọ gba Ara Olúwa, mo jókòó sí àyè mi, ìyá mi sì ń wò mí. Mo fọgbọ́n bi dókítà léèrè bóyá ọmọ náà ìbá yè ká ní ẹ̀jẹ̀ tètè dé. Ó ní ó ṣeé ṣe, ó sì ṣeé ṣe kó má yè. Ì bá sàn fún mi bó bá mú ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹwàá mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Mátírọ̀nì.

“Mà, Bàbá kò fo ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ ọ́ kó máa dúró níbi tí kò yẹ.”

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ kejì, Mà.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní àṣìṣe mi lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, èmi ni mo yàn án. Ó ní òun yóò fẹnu ara òun sọ fún ọkọ obìnrin náà, kí èmi lọ sí Ìjàn.

Mo bá Bàbá níwájú ilé, ó ń yọ hóró àgbàdo gbígbẹ lára ṣùkù. Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ obìnrin ará Ìgèdè náà ni Bàbá kọ́kọ́ béèrè, bóyá ara rẹ̀ ti le. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé mo kọ orúkọ wọn síbẹ̀?”

“Ẹ kọ ọ́, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ lẹ kọ.”

Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde látinú ilé. Ó ní, “Tún un sọ, kí ìyá yìí gbọ́.”

Mo tún un sọ. Ìyá náà kò wò mí lójú. Bàbá ní kí n dìde, ó sì bu omi fún mi mu.

Mátírọ̀nì ránṣẹ́ sí Bàbá, Bàbá sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde nínú yàrá ẹrù, ó ń kọ orúkọ síbẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò tún bi mí léèrè ohunkóhun nípa ẹ̀rọ náà mọ́. Mátírọ̀nì lọ sí Ìgèdè bó ṣe wí. N kò mọ ohun tí ọkọ obìnrin náà sọ. Mátírọ̀nì kò sọ ọ́ fún mi, èmi náà kò sì ní ẹnu láti béèrè.