Ìlà Kan Tó Sọnù Nínú Kókó Àbúrò Mi

Ara mi kì í gba ìdúró. Màmá wa máa ń sọ pé ẹ̀wà kì í tètè jinná lọ́wọ́ mi, torí pé gbogbo ìgbà ni mo máa ń ṣí ìkòkò wò. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ìwà yìí náà ni mo gbé dé ẹnu iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn, láyé ìjọba ológun, nígbà tí bẹntiróòlù di ohun àwátì.

Ọ̀gá mi jẹ́ dókítà tó tún ń kọ́ni ní yunifásítì. Ohun tó máa ń sọnù nínú kókó tó ń hù sí ilé ẹyin obìnrin ni wọ́n ń wá. Obìnrin máa ń ní kírómósómù ẹ́kìsì méjì, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá, nínú sẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti ṣàkíyèsí pé nínú irú kókó bẹ́ẹ̀, àti nínú àwọn kókó ibòmíràn náà, apá kan lára ọ̀kan nínú méjèèjì lè ti sọnù. A ó yọ ohun tá a fẹ́ wò jáde lára kókó, a ó dà á sínú nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù, a ó fi iná mànàmáná sí i kó lè rìn, a ó wá ya fọ́tò ẹ̀. Tí méjèèjì bá pé níbi tá à ń wò, ìlà méjì la máa rí. Tí ọ̀kan bá ti sọnù, ìlà kan. A kì í kọ orúkọ sára ìgò, nọ́ńbà la máa ń kọ, kẹ́nikẹ́ni má bàa mọ ẹni tó ni ín.

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tó gbà ká yẹ kókó wọn wò. Tíṣà ni, lọ́dọ̀ Màmá ní Baṣọ̀run ló ń gbé, ìgbéyàwó ẹ̀ sì ku oṣù mẹ́rin. Wọ́n ti gé ilé ẹyin ẹ̀ kan pẹ̀lú kókó inú ẹ̀, wọ́n ní kò ràn dé ibòmíràn, èkejì sì wà níbẹ̀ digbí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bi gbogbo dókítà ni bóyá òun ṣì lè bímọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ nọ́ńbà sára ìgò ẹ̀, tí mo bá sì ní mo gbàgbé nọ́ńbà náà, irọ́ ni mo pa.

Bá a ṣe ń ṣe é ni pé a máa ń fi ẹ̀jẹ̀ olúwarẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó ẹ̀, ká lè fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Furaidé kan, kókó nìkan la rí ṣe tí wọ́n fi mú iná lọ. Ọ̀gá ní ká fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ di Mọ́ńdè. Mo gbé fọ́tò sójú fèrèsé kí n lè rí i dáadáa. Níbi nọ́ńbà àbúrò mi, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀.

Mo ti kà á rí pé wọ́n bí àwọn obìnrin kan pẹ̀lú ẹ́kìsì kan ṣoṣo, pé wọn kì í sábà ga, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè bímọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pọ̀. Àbúrò mi kúrú. Nǹkan oṣù ẹ̀ pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Pé Màmá wa kúrú jù ú lọ, tí wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ẹni tó gbọ́n á dúró di Mọ́ńdè. Èmi wọ takisí lọ sí Baṣọ̀run láàárọ̀ Sátidé. Mo bá àbúrò mi nídìí aṣọ tó ń lọ̀, mo sọ fún un pé ẹ́kìsì kan ṣoṣo ló ní, pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kó má fọkàn sí ọmọ bíbí mọ́. Mo rò pé mò ń ṣàánú ẹ̀ ni. Kò sunkún. Ó lọ aṣọ náà tán, ó ká a.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Tó bá ti Ṣakí dé lọ́jọ́ Tusidé, màá sọ fún un fúnra mi. Òun nìkan ni ìyá ẹ̀ bí. N ò lè tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ."

Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ló ń sọ. Màmá tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iná ò dé. Tusidé ló dé, a sì ṣe ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde lọ́sàn-án, mo wá nọ́ńbà yẹn kàn. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n hàn kedere. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tí kò mọ òǹkà, mo sì bú sẹ́kún. Ọ̀gá béèrè ohun tó ṣe mí, mo bá jẹ́wọ́.

"Ohun tá a tìtorí ẹ̀ ń lo nọ́ńbà lo bà jẹ́ yẹn," wọ́n ní. Wọ́n wá fa àga jókòó. "Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bí wọ́n ṣe bí èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì kókó ń pín láìsinmi, á máa já ẹrù sílẹ̀ lọ́nà. Kókó ló sọ ọ́ nù, àbúrò ẹ ò sọ nǹkan kan nù. Mi ò sọ pé mo mọ ọjọ́ tó máa bímọ o, ṣùgbọ́n ti ẹ́kìsì ò dí i lọ́nà."

Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí ẹ̀. Mo gbàgbé báàgì mi síbẹ̀. Takisí ṣọ̀wọ́n nítorí epo, mo fẹsẹ̀ rìn gba Bódìjà lọ sí Baṣọ̀run títí mo fi rí ẹni tó gbé mi.

Ìta ni mo bá Màmá. "Ó ti ń sọ fún un," wọ́n ní.

Mo wọlé. Ọkùnrin náà di ọwọ́ àbúrò mi mú, ojú ẹ̀ pọ́n. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ìwọ ni mo wá fẹ́."

Mo ní mo ti kánjú ka fọ́tò. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, ti kókó, ti ẹ̀jẹ̀, àti ohun tí ọ̀gá mi sọ. Àbúrò mi wò mí títí.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ́ àgàn lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo kúnlẹ̀. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, Màmá ì bá ti figbe ta. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ pé kí n dìde.

Àbúrò mi ló fà mí lápá. Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ Sátidé ló wá ń sun.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Ìlà mélòó?"

Mo ní méjì ni. Ó tún bi mí, mo tún ní méjì ni.