Ta Ló Bá Wọn Mọ Odi Yẹn?

Mi ò fẹ́ràn fíìmù náà, n kò sì ní torí pé àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀ kí n máa purọ́. Ìwé ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta ni, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, nípa ìlú kan tí àwọn alágbára ń gbà mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí nígbà náà, fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú ni.

Bàbá mi kì í ka ìwé mìíràn yàtọ̀ sí Kùránì. Oko rẹ̀ wà lọ́nà Òfìkì, ilẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, iṣu àti àgbàdo ló ń gbìn síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí a bá ń bó iṣu tí a fẹ́ fi ṣe gbodo tí a ń lọ̀ di èlùbọ́, mo máa ń jókòó tì í lórí àpáta tí a ń sá a sí, màá gbé ìwé lé orúnkún, màá sì máa yí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sí Yorùbá fún un bí mo ti ń kà á lọ. Bí ibì kan bá wọ̀ ọ́ lára, ọ̀bẹ á dúró.

Nǹkan kéékèèké ni ẹni tó kọ ìwé náà fi kọ́ ìlú rẹ̀. Kò sí ṣọ́jà kankan ní gbogbo apá kìíní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ará ìlú jí, wọ́n bá àmì ẹfun lára kànga. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó fà á, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Obìnrin kan ń fọ àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, ó ń ṣọ́ra kí omi má ta sí ẹfun. Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ bàbá mi ti dúró.

“Ó ń bá wọn ṣọ́ àmì wọn,” ló wí. “Kò sì mọ̀.”

Ní apá kejì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àká. Apá kẹta kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ló ṣèlérí pé òun á fi ránṣẹ́.

Fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe ló ṣáájú rẹ̀ dé. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ń fi ọkọ̀ kó èlùbọ́ lọ sí Ìbàdàn, òun ló gba kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a kó ara wa lọ sí pálọ̀ Alájì kan tó ní jẹnẹrétọ̀. Wọ́n fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, inú yàrá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Bí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, odi gàgàrà ló yọ, iná ń tàn lórí rẹ̀, àwọn ṣọ́jà tò sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Kò sí kànga, kò sí ẹfun, kò sí obìnrin tó ń fọ àwo. Inú bí mi. Ìlú tí wọ́n ti parí ni wọ́n gbé síwájú wa, bí ìkòkò tí a rà lọ́jà tí a kò rí ẹni tó mọ ọ́n. Ẹ̀rù bà wá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ohun tó jìnnà ni. Ta ló rí irú odi bẹ́ẹ̀ rí láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ?

Bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí àga. “Ta ló bá wọn mọ odi yẹn?”

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, fíìmù ni. Ẹ ṣáà máa wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ wá gba nǹkan wa, ẹ ó ti gbọ́ ìró ìbọn kó tó dé.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni a rí èèkàn lóko. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ wọn lórí, àwọn èèkàn náà tò láti etí odò gba àárín ebè bàbá mi kọjá sí oko àwọn ẹlòmíì. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá rí àkísà pupa lórí igi nínú oko, o ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ààlè ni, ẹnì kan ló fi ń kìlọ̀ fún olè. A kì í fọwọ́ kan ààlè ẹlòmíì. Olóko kọ̀ọ̀kan rò pé aládùúgbò òun ló fi í síbẹ̀, wọ́n sì ń roko yí èèkàn ká. Nígbà tí màlúù wó ọ̀kan, Bàbá Kékeré ló gbé e nàró, tó tún aṣọ rẹ̀ so.

Bàbá mi dúró ti èyí tó wà láàárín ebè rẹ̀, ó wo bí a ṣe roko yí i ká. “Obìnrin tó ń fọ àwo,” ló wí fún mi. Ó fẹ́ fà á tu, Bàbá Kékeré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò bẹ̀rù ààlè. Àmọ́ ọmọ wà nílé. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, kí la fẹ́ wí?”

Àwọn àgbà ẹbí bá a bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi fi èèkàn sílẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ọdún náà ni katakata dé, ó tẹ̀lé èèkàn láti etí odò, kò ṣìnà. Àwọn tó bá a wá kò mú ìbọn dání. Yorùbá ni wọ́n, wọ́n kí wa pé a kú iṣẹ́. Wọ́n ní iléeṣẹ́ àwọn ló ni ilẹ̀ náà báyìí, wọ́n sì dúpẹ́ pé a bá àwọn tọ́jú àmì àwọn. Bàbá Kékeré ń wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn wọn, bí ẹni pé ìbọn ṣì ń bọ̀.

Apá kẹta ìwé dé nígbà tí ọyẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí iṣu tí a ó bó. Mo ti dá a kà tán, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ń bà mí nínú jẹ́, n kò fẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n kà á. Mo kà á títí mo fi dé ibi odi.

“Ta ló bá wọn mọ ọ́n?” ló bi mí.

“Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni, Bàbá. Àwọn alágbára yẹn ló gbà wọ́n síṣẹ́.”

Ó mi orí, kò yà á lẹ́nu. Ó bu omi mu, ó sì gbé ṣọ́bìrì tó fi ti ara ògiri. Láti ìgbà tí oko ti lọ, iléeṣẹ́ náà ti gba òun àti Bàbá Kékeré síṣẹ́, wọ́n ń gbẹ́ ihò òpó tí wọ́n fẹ́ ta wáyà mọ́ yí ilẹ̀ náà ká.

“Sàmì sí ibi tí o kà á dé,” ló wí. “Ibi ebè mi la máa dé lónìí.”