Ọwọ́ Tó Fà Mí ní Máìlì Wan

Òórùn irun tí kóòmù gbígbóná ń jó, tó dà pọ̀ mọ́ ti àdí àgbọn àti ẹrọ̀fọ̀ òjò, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Pọ́tákọ́ọ̀tù. Ní Máìlì Wan, ní Díóbù, níbi tí a gba yàrá sí nígbà tí ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan wà lójú ọ̀nà ọjà. Iná èédú wọn kì í kú láti àárọ̀. Orí iná yẹn ni wọ́n ti ń mú kóòmù onírin tí wọ́n fi ń na irun gbóná, nítorí ayé irun nínà la wà nígbà náà, ìwọ náà á rántí. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kì í jáde. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń dúró sójú títì, tí wọ́n á máa fa àwọn obìnrin lọ́wọ́: "Fine sister, come make we do your hair!" Bí o bá kọ̀, wọ́n á tẹ̀ lé ọ títí tí wàá fi rẹ́rìn-ín tàbí kí o bínú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òdìkejì títì ni mò ń gbà kí wọ́n má baà rí mi. Àkọ́bí mi, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó, ni ibà pa láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn àgbà ìlú wa tó wà níbẹ̀ ló gbé e lọ sin. Wọn ò jẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ̀ mọ ojú oórì, bí àṣà ti wí. Àwọn ìyàwó wọn wá kí mi, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sunkún ọmọ kékeré pẹ́, kí òmíràn lè tètè dé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Ọkọ mi á ti ibi iṣẹ́ dé, á jẹun, á kọjú sí ògiri. N kò lè dá a lẹ́bi; bó ṣe ń dun tirẹ̀ nìyẹn. Èmi ní tèmi, irun mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í re, títí awọ orí fi hàn níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Mo wá ń wé gèlè mọ́rí láti òwúrọ̀ di ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi òjò bo òdìkejì títì, ni mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Méjì nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà sáré pàdé mi. Èyí tó ga nínú wọn di ọwọ́ mi mú. "I no want," ni mo wí, mo já ọwọ́ gbà. Ó rò pé mò ń ṣe fáàrí ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí gèlè mi: "Make I see the hair first." Gèlè náà tú, ó jábọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀.

Èkejì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kọjá yíjú wò mí. N kò lè gbé ọwọ́ sókè bo orí mi pàápàá. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Bí ọmọbìnrin gíga yẹn ṣe rí orí mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tú síkáàfù tirẹ̀, ó fi bò mí lórí, ó jágbe mọ́ èkejì rẹ̀ lédè Ìgbò, ó sì fi apá gbá mi mọ́ra wọlé.

Ó fi mí jókòó, ó dúró sẹ́yìn mi, ó bu àdí sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa mí lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Sister, abeg, no vex. Na sickness?"

"Na my pikin," ni mo dáhùn. "E don die."

N kò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí títí di ìgbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ndo," ló wí, bí wọ́n ti ń bá èèyàn kẹ́dùn lédè wọn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí: "Wetin be the name?"

"Mojísọlá."

Ó gbìyànjú láti pè é. Ohùn rẹ̀ gbé e gba ibòmíràn, ó dà bí orúkọ ọmọ ìlú tiwọn. Ó tún un pè. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi, ẹkún tí mo ti ń gbé mì látọjọ́ yìí. Mo gbọ́ tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù ń lé àwọn tó ń yọjú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. "Cry am," ni ọmọbìnrin náà ń wí, "cry am, my sister."

Mo ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà títí irun mi fi hù padà. Bó bá ti ń fi òwú kó ìwọ̀nba èyí tó wà, á máa bi mí: ṣé ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín, ta ló fi ojú jọ? Pijin mi kò já gaara, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró de ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó yá, mo fi ìgboyà dárúkọ ọmọ náà sí ọkọ mi létí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, òun náà sì pè é.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni ìlú dàrú, tí wọ́n ní kí àwa tí a kì í ṣe ọmọ apá ibẹ̀ máa lọ sílé. Mo lọ dágbére fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Nígbà tó parí, ọkọ mi bá iṣẹ́ kọjá níbẹ̀, ó ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi tó mọ ibi tí àwọn onídìrí náà gbà.

Mo bí àwọn mìíràn, mo sì dúpẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá tó ní kí n má sunkún kò fẹ́ ibi fún mi. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn ni mo ti kọ́ pé òmíràn kọ́ ni ìyá tó ṣòfò ń wá lọ́jọ́ náà. Èyí tó lọ ni ó fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá dé ilé tí ọmọ kékeré ti kú, mo máa ń jókòó ti ìyá rẹ̀, mo máa ń béèrè orúkọ. Àwọn àgbà á máa wò mí bí ẹni tí kò mọ àṣà. Ìyá ọmọ kì í wò mí bẹ́ẹ̀.