Robiola Tí Mo Gbé Lọ Bá Nonna ní Padova

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti jáde nílé wa ní Moncalieri, òtútù ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Nonna ni mò ń lọ wò, ìyá àgbà ará Torino tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú kí ọmọ wọn tó gbé wọn lọ sí Padova. Carla, ọmọ náà, ló pè mí: “Màmá ò jẹun mọ́. Robiola nìkan ni wọ́n ń béèrè, wọ́n ní ìwọ ni kó o bu ú fáwọn.”

Wàrà ewúrẹ́ ni robiola. Ó rọ̀, awọ funfun kan sì bò ó bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Ẹ má wulẹ̀ yínmú, wọ́n ń jẹ awọ yẹn. Yúrò mẹ́fà ni mo rà á lọ́wọ́ ẹni tí Nonna máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo wọ rélùwéè tí kì í náni lówó púpọ̀, èyí tó ń dúró níbi gbogbo. Lọ́dọ̀ wa, kí ọkọ̀ tó dé Ìbàdàn, ẹ ó ti mọ orúkọ ọmọ ẹni tó jókòó tì yín. Níbí, fóònù ni kálukú dojú kọ.

Ní Brescia, mo yà kí Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi nínú ìjọ, tí wọ́n ń ta oúnjẹ ilé wa nítòsí ibùdókọ̀. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì, mo jẹ, oorun gbé mi lọ lórí àga. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, inú firísà ni wọ́n ti yọ robiola mi jáde, láàárín òkú ẹja.

“Ó ti ń rùn,” wọ́n ní. “Mo ní kó má bàa bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.”

Ó ti le gbagidi. Inú bí mi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni, oore ni wọ́n sì rò pé àwọn ṣe. Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.”

Kùrukùru bo Padova nígbà tí mo dé. Nonna ti rù kan egungun, síbẹ̀ wọ́n dá mi mọ̀. “Robiola?” ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Carla ti to àwo kalẹ̀: oyin, búrẹ́dì, èso pera gígé, àti noci, èso kan tó jọ àsálà wa. Ọ̀bẹ ò ran robiola náà.

“Ha díẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀,” Carla ní.

Mo kọ̀. Nonna fúnra wọn ló kọ́ mi pé wàrà tó tutù kò ládùn, àfi kí èèyàn gbé e kalẹ̀ títí inú rẹ̀ á fi rọ̀, kó tó wá ta oyin sí i. “Signora, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù,” mo sọ fún Carla. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, àbí? Nonna náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo gbé àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí wọ́n lè máa gbóòórùn rẹ̀. Mò ń fìka tẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ìka mi wọlé, mo gé e, mo fi sórí búrẹ́dì, mo ta oyin sí i.

“Nonna, ẹ lanu.”

Wọn ò lanu. Carla pè wọ́n, pè wọ́n, wọn ò dáhùn, wọn ò mí mọ́. Ó yíjú sí mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀: “Ṣé mi ò ní kó o fún wọn bẹ́ẹ̀?” Ó dùn mí dé egungun, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. “Mamma, ha mangiato?” Ó ń bi mí bóyá Nonna jẹun. Mo ní rárá.

Ẹ̀yin ará ilé, bí àgbà bá ní ebi ń pa òun, bí oúnjẹ náà tutù, bó le, ẹ bù ú fún wọn.