Ẹni Tó Di Kámẹ́rà Mú ní Guangzhou

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe jẹun ní Dallas níbí. N kì í ṣe ẹni tí í yára gba ohun tí kò fojú rí gbọ́. Èyí ṣojú mi.

Mo ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ lórí ìtàn àwọn ìlú ńlá. Lọ́sẹ̀ náà, àdúgbò Yuexiu ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló kàn. Afinimọ̀nà kan tó ń jẹ́ Lin fi fídíò mú wa rìn níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tiwa ni òwúrọ̀ tiwọn. À ń gbọ́ wọn, wọ́n ń gbọ́ wa. Ọkọ Lin ló di kámẹ́rà mú, nítorí náà a kò rí ojú rẹ̀.

Nínú ọgbà ìgbafẹ́, Lin fi ère ewúrẹ́ márùn-ún hàn wá. Ó ní àwọn ará ọ̀run ló gun ewúrẹ́ wá fún ìlú náà ní ọkà, kí ebi má baà pa wọ́n mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà yẹn.

Wọ́n wá ń gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di mùsíọ́mù. Lin fẹsẹ̀ kọ. Ẹni tó di kámẹ́rà mú sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé:

"Pẹ̀lẹ́, jàre. Rọra."

Yorùbá ni o! Ẹ gbà mí gbọ́. Ohùn Bọ̀ọ̀dá Àkànní ni, ẹ̀gbọ́n mi tí a sin sí Òṣogbo. Èmi gan-an wà lára àwọn tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Mo sọ fún ara mi pé ohùn a máa jọra.

Lin dúró síwájú àpótí gíláàsì kan, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò inú rẹ̀. Nínú gíláàsì náà ni mo ti rí òjìji ẹni tó di kámẹ́rà mú: ojú Bọ̀ọ̀dá Àkànní ni, àti àpá iwájú orí tó ní nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé akúdàáyà lè gbéyàwó, kó bímọ, kó jókòó jẹ́jẹ́ ní ìlú onílùú, àfi bí ará ilé bá pè é lórúkọ ni yóò tó pòórá? Ẹnu mi ṣáájú ọgbọ́n mi.

"Bọ̀ọ̀dá Àkànní!"

Kámẹ́rà mì.

"Kí ló dé tó o pè mí?"

Kámẹ́rà já bọ́ sílẹ̀; àjà ilé nìkan la rí, àti bàtà Lin tó ń sáré kiri. Ó ń pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tí n kò gbọ́ rí. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà. Ẹ̀ṣọ́ tó wà nísàlẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀.

Mo sọ fún màmá wa nílé, ní Wylie lẹ́bàá Dallas. Wọ́n rọra gbé ife tíì wọn kalẹ̀.

"O ò pè é, àbí?"

Mo ní mo pè é.

"Yéè! Ó rílé, o tún lé e jáde."

Lin ṣì ń ránṣẹ́ sí mi: orúkọ wo ni mo pe ọkọ òun? Ó ní òun lóyún. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo sọ ọ́ di opó. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa wá a kiri. N kò tíì fèsì.

Ẹ̀yin ará àjò, bí ẹ bá rí òkú yín níbikíbi, ẹ kí i bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, kí ẹ sì kọjá.

Lánàá, nínú ilé ìtajà kan ní Forney, nítòsí Dallas níbí, kẹ̀kẹ́ ọjà mi kọlu pẹpẹ. Ẹnìkan fi ohùn yẹn sọ lẹ́yìn mi pé, "Pẹ̀lẹ́, jàre. Rọra."

N kò bojú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ kó dúró, kó má tún pòórá.