Bí Wọ́n Ṣe Ń Kí Bàbá ní Jámánì

Mo rántí ìgbà tí mo mọ bí gbogbo ayé ṣe ń yẹ́ bàbá sí, àfi ilé wa. Tíṣà ni mí ní Òṣogbo nígbà náà, mo ní mọ́tò kékeré kan, mo sì gbà pé àwọn tó gbọ́n tó mi kò pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà ránṣẹ́ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àwọn bàbá. Ẹ kúkú mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Bó bá jẹ́ ti àwọn ìyá, màlúù á kú. Bó bá di ti àwọn bàbá, aṣọ ìnujú kọ̀ọ̀kan àti ìgò mọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni, àwọn bàbá náà ni yóò sì to àga. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìmọ̀ kún un, èmi sì ni ìmọ̀ tí wọ́n rí.

Bàbá mi, àgbẹ̀ oníkòkó, ń dá gbé ilé ìdílé wa níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo, níbi tó jẹ́ pé “gúdú mọ́níìn” ni ọmọ fi ń kí àgbà. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí bàbá mi, ọ̀sán ni mo ń dé, ìrọ̀lẹ́ kì í bá mi níbẹ̀. Mo máa ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Mo tún máa ń sọ pé ẹ̀fọn ilé náà pọ̀ jù.

Mo wọ kóòtù lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tí mo rí kà nínú fóònù mi ni mo dà sílẹ̀. Mo ní ní Jámánì, ọjọ́ tí Jésù gòkè re ọ̀run ni àwọn ọkùnrin máa ń kó bíà sínú ọmọlanke, tí wọ́n á tì í wọ igbó lọ. Bàbá ìjọ kan béèrè bóyá ìjọ wa ní ẹ̀ka níbẹ̀. Mo ní ní Tàìláńdì, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń wọ̀. Mo ní ní Nẹ̀páà, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú á lọ wẹ̀ lódò, á sì gbàdúrà fún un. Mo ní ní Amẹ́ríkà, táì ni wọ́n ń rà fún bàbá, ni mo bá fa táì kan yọ lápò, mo so ó mọ́ bàbá mi lọ́rùn lórí agbádá rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Alága ètò wá ní kí bàbá olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Bàbá mi dìde. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Gbogbo èyí tó o kà yìí, ó dùn. Ulé tiwa ńkọ́? Báwo lọmọ ṣe í kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀?”

Ní ilẹ̀ wa ní Iléṣà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni àárọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ á mọ ilé tó ti jáde wá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo la ẹnu, “gúdú mọ́níìn” nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn sọ pé ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa,” bàbá mi wí. “Àwọn ará Jámánì mọ tiwọn.” Ó sì jókòó pẹ̀lú táì mi lọ́rùn.

Mo tẹ̀ lé e délé, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ fún mi.

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sán,” ó ní. Bí mo bá fẹ́ ẹ, kí n sùn.

Mo sùn. Ẹ̀fọn jẹ mí bí ẹni pé wọ́n ti ń retí mi láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rò pé yóò jókòó kó máa kọ́ mi. Kò jókòó. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí wọ́n sin bàbá tirẹ̀ sí, ó ṣí fìlà. Arúgbó tí orúnkún ń dùn ún rọra dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì kí bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tó dìde, ó yíjú sí mi, èmi náà dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì, mo kí i. Ó dá mi lóhùn bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni mo ti ń kí i.

Ó ti lọ dùbúlẹ̀ ti bàbá rẹ̀ báyìí. N kò ní kọ ọ̀rọ̀ náà síbí. Ti ilé wa ni. Mo fi kọ́ ọmọbìnrin mi kó tó kó lọ sí Kánádà. Lọ́jọ́ àwọn bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, ó máa ń pè mí bó bá ti jí, á sì fi kí mi. Àárọ̀ tirẹ̀ ni. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wa, iyán sì máa ń wà lọ́wọ́ mi. Ó máa ń wù mí kí n sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sán, pé kó wá sùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí ọjọ́ tí mo wọ kóòtù tí n kò mọ ìkíni ilé wa. Mo máa ń fọwọ́, mo sì ń dá a lóhùn.