Ta Ló Ń Jẹ́ Eyínfúnjowó ní Wuiti?

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ojo, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, àyà mi já!

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka búlọ́ọ̀gù yìí: aránṣọ ni mí, ní Tokoin Wuiti, ní Lomé níbí. Èmi ni mo dá "Ojúlé Wa" sílẹ̀ fún àwa tí a ń sọ Yorùbá ládùúgbò yìí, àwa tí a wá láti Nàìjíríà àti àwọn Nàgó tí wọ́n wá láti Bẹ̀nẹ̀. Kí là ń kọ síbẹ̀? Iná tó lọ, omi tí kò yọ, ẹni tó bímọ, ewúrẹ́ tó sọnù. Ṣé ẹ rántí ewúrẹ́ Alájà tí gbogbo wa wá kiri nínú òòrùn? Ẹ̀yìnkùlé Alájà fúnra rẹ̀ náà la ti rí i!

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ti gba ẹnu gbogbo ará àdúgbò. Wọ́n ní wọ́n jí ọmọ gbé lọ́hùn-ún, wọ́n ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n jí òmíràn gbé níhìn-ín. Ta ló fi ojú ara rẹ̀ rí i? Kò sí. Síbẹ̀, ọkàn ìyá kankan ò balẹ̀.

Mo wà nídìí máṣíìnì mi lọ́sàn-án nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Ìyá Ṣádíà, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ti ju fọ́tò kan sábẹ́ ohun tí mo kọ láàárọ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì di ọwọ́ ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ káàkí ilé ìwé mú. Ìyá Ṣádíà ní gbọ́mọgbọ́mọ ti wọ Wuiti o, pé àwọn ti mú un!

Háà! Kọ́méǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Èyí tó le jù níbẹ̀, Tanti Rose ló kọ ọ́. Ẹ mọ Tanti Rose náà, ẹni tó ti kó lọ sí Kpogan tipẹ́, àmọ́ tí àárò Wuiti kì í jẹ́ kó gbádùn, tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ kí ẹni tó bímọ àti ẹni tó ṣòfò. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohun tó kọ ni: "Ẹ má jẹ́ kó lọ o! Ẹ kọ́kọ́ lù ú dáadáa kí ẹ tó bi í léèrè!"

Wọ́n ní kí n gbé fọ́tò náà sókè pátápátá kí gbogbo ayé lè rí i. Inú bí mi. Mo ní n kò ní gbé àwòrán ẹni tí n kò tíì fojú rí síbì kankan. Wọ́n bú mi! Wọ́n ní àbí èmi àti gbọ́mọgbọ́mọ jọ ń ṣe é ni? Mo pa fọ́tò náà rẹ́, mo sá jáde tèmi ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Kí n tó dé ilé ìwé, mo ti ń gbọ́ ariwo. "Fíàfí! Fíàfí!" Bí wọ́n ṣe ń pe olè ní Mina, èdè ìgboro Lomé, nìyẹn. Mo fi ìgúnpá la ọ̀nà wọlé.

Ìyá arúgbó ni! Wọ́n ti há a mọ́ ògiri, gèlè rẹ̀ ti ṣubú sílẹ̀, irun rẹ̀ funfun báláú. Ìyá ọmọ náà fi ọwọ́ kan gbé ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì di ìró màmá náà mú. Fofo Komi (fofo ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Mina), fọganáísà wa tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú irin tó fi ń tú táyà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù bà mí.

Mo kí màmá náà lédè Yorùbá, ó sì dá mi lóhùn ní Nàgó àwọn ará Kétu. Ó ní òun ò jí ọmọ ẹnikẹ́ni o. Ó ní ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí òun ni, eyín rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí òun ń wá, lòun ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú láti bi í pé ọmọ ta ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Mina fún wọn.

Fofo Komi ní ó dáa. Ta ló wá ń wá? Kó dárúkọ ẹni náà, kí á ránṣẹ́ pè é, kí ọ̀rọ̀ tán.

Màmá ní: "Eyínfúnjowó ni mo ń wá."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ti mọ gbogbo ojúlé Wuiti, n kò gbọ́ Eyínfúnjowó rí. Mo bi í pé orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ó tún ní Eyínfúnjowó ni. Mo tún bi í.

"N kò lè pè é."

Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ túmọ̀ ìyẹn? Mo túmọ̀ rẹ̀ ṣá o, ni gbogbo wọn bá hó yèè! Ẹni tó ń wá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí kò lè dárúkọ rẹ̀, ṣé mọ̀lẹ́bí nìyẹn? Kí n má parọ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Màmá rí ojú mi. Ó ní: "Ọmọ mi, mo mọ orúkọ ọ̀hún. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé ni."

Ojú mi bá là! Yéè, báwo ni mo ṣe gbàgbé? Ṣebí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ló máa fún un. Ìyá tèmi ń pe àbúrò bàbá mi ní Akọ̀wé títí dòní, bẹ́ẹ̀ ẹni tí à ń sọ yìí ò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí! Ẹni tí màmá yìí ń wá, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Fofo Komi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ló bá ní kí màmá pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ṣé orúkọ á pa á ni?

Mo bẹ màmá. Mo ní kó sọ ọ́ sí mi létí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní ọkọ òun wà lórí àìsàn ní Kétu, oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn wọn, ló ń béèrè tọ̀sán-tòru. Nọ́ńbà tí wọ́n ní, kò lọ mọ́. Ohun tí òun mọ̀ kò ju pé ó ń gbé ní Wuiti, nítòsí ilé ìwé.

"Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ wúńdíá ni n kò pè é. Bí mo bá wá pè é lójú títì lónìí, tí mo dé ilé tí n kò bá ọkọ mi láàyè, kí ni n ó ní mo ṣe? Jẹ́ kí wọ́n lù mí."

Inú bí mi sí i! Àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Irú agídí wo nìyí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn obìnrin tí mo mọ̀ ní Wuiti, mo ní kó mi orí sí èyí tó bá jẹ́ òun. Rárá. Rárá. Sùúrù àwọn èèyàn ti tán. Ẹnì kan ju òkò, ó ba ògiri. Ẹlòmíì ti màmá, ó fìdí jókòó sílẹ̀ gbì.

N kò mọ ìgbà tí mo dúró lé e lórí. Mo pariwo pé wọ́n á pa èmi aránṣọ kí wọ́n tó pa á, kí n wá wo ẹni tí yóò bá wọn rán aṣọ ọdún! Mo bẹ Fofo Komi pé kó fún mi láyè díẹ̀, mo fẹ́ béèrè lórí búlọ́ọ̀gù. Ó káwọ́ gbera. Ó ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé kọ́kọ́ jáde tán. Bí wọ́n bá ti géètì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun.

Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Ta ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó ní Wuiti? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ wá ọ wá láti Kétu. Wọ́n fẹ́ lù ú pa. Pè mí!"

Àwọn ọmọ ń jáde. Mo ń wo fóònù. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun ni, eyín òun funfun. Ṣé àsìkò àwàdà nìyẹn? Ẹlòmíì ní irọ́ ni. Tanti Rose tó máa ń kọ̀wé ju gbogbo wọn lọ, kò kọ nǹkan kan, àmọ́ n kò fiyè sí i nígbà yẹn.

Àwọn ọmọ kù díẹ̀ nínú ọgbà. Wọ́n jáde tán. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé fa géètì, ó ń dún gìrìgìrì. Fofo Komi tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ni fóònù bá dún! Ohùn náà kéré débi pé mo fi ọwọ́ di etí kejì.

"Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Tanti Rose ni! Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe òun lórúkọ yẹn láyé. Mo sáré fi í sórí sípíkà, mo nà án sí màmá.

"Ìyàwó wa?"

Màmá gbọ́ ohùn yẹn, ló bá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún fóònù nínú eruku! "Ẹ kú ọ̀sán, ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n pè yín wá."

Ariwo ẹkún ló jáde látinú fóònù. Tanti Rose yí i sí Mina, ó ń bẹ Fofo Komi, ó ń bẹ ìyá ọmọ náà, ó ń fi Ọlọ́run bẹ gbogbo wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni, ìyá ni fún òun, màmá yìí ló pọn òun dàgbà. Fofo Komi gbé irin rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa gèlè màmá, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ìyá ọmọ náà jọ̀wọ́ ìró, ó ní, "Pardon, Maman." N kò lè dá a lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ńkọ́?

Ọ̀kadà gbé Tanti Rose dé láti Kpogan, tòun ti bàtà ilé lẹ́sẹ̀. Màmá tún fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ìyẹn ò gbà, àwọn méjèèjì bá jọ wó lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Tanti Rose àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yí nọ́ńbà padà. Ó lanu sunkún, mo sì rí i pé eyín iwájú kan ti yọ. Màmá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń pè é, "Eyínfúnjowó mi! Eyínfúnjowó mi!"

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ mọ́tò Kétu, Tanti Rose fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lè wò mí lójú. Ó bi mí bóyá màmá ti gbọ́ ohun tí òun kọ. Mo ní rárá, mo sì yọ fóònù kí n lè pa kọ́méǹtì náà rẹ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí n máa rí i."

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jọ sunkún, kí bàbá tó ṣaláìsí. Tanti Rose fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ gbogbo èyí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí á tó pariwo olè, kí á béèrè. Bí a bá sì béèrè tí ìdáhùn ò yé wa, kí á tún un bi. Ẹni tí à ń sọ pé kí wọ́n lù, ta ló mọ̀ bóyá àwa ló ń wá?

Ó yá, ó kàn yín. Orúkọ wo ni àwọn ìyàwó ilé yín ń pè yín? Adúmáadán ni wọ́n ń pè mí nílé bàbá mi. Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí lónìí, ẹ má wulẹ̀ fi í ṣòla. Ẹni tí kò ní orúkọ mìíràn tí yóò fi wá yín lè ti wọ mọ́tò.